Ṣé Ọ̀dàlẹ̀ Ni Ayálégbé Tó Fẹjọ́ Onílé Sùn?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún 2017, nínú ilé tí mo ń gbé nígbà náà ní Bàrígà, káfíńtà méjì gun orí òrùlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ páànù. Mo kọ́kọ́ rò pé àtúnṣe ni. Inú mi tiẹ̀ dùn, torí pé òrùlé náà ti ń jò láti ìgbà òjò ọdún tó ṣáájú. Ìgbà tí mo rí i pé orí yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n dúró sí, tí wọn kò sì gbé páànù tuntun kankan wá, ni mo tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Yàrá Ìyá Ṣèyí ni.

Aránṣọ ni Ìyá Ṣèyí, opó ni, ọmọ mẹ́ta ló ń dá tọ́. Kò jẹ onílé ní kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹjọ́: obìnrin yìí kò jẹ gbèsè. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ló ń san lóṣù. Onílé ní kó di ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án láti oṣù tó ń bọ̀, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí bàbá jọ̀wọ́ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Bàbá ní kó kó jáde. Kò fún un ní ìwé kankan, ẹnu lásán ló fi sọ ọ́, lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó fi máa di Sátidé, oòrùn ti ń ràn sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti òkè.

Ayálégbé mọ́kànlá ló wà nílé lọ́jọ́ náà. Gbogbo wa dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, kò sí ẹni tó la ẹnu. Èmi tí mo ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, tí mo ti fi odidi ojú ewé kan ṣàlàyé òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó fún aráyé nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, èmi náà dúró, mo fọwọ́ lẹ́rán. Oṣù kan péré ló kù kí owó ilé ọdún tèmi pé. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn níbi tí mo dúró sí. Ìṣirò náà kò pẹ́ rárá.

Nígbà tó dalẹ́, lẹ́yìn tí a ti bá a kó ẹrù rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ (ìyẹn la lè ṣe, a sì ṣe é tọkàntọkàn, bí ẹni tó fẹ́ fi ẹrù rírù san gbèsè ọ̀rọ̀ tí kò sọ), ọmọkùnrin kan láàárín wa tó ń lẹ táyà ní kí a lọ fẹjọ́ sùn. Bàbá kan tó ti pẹ́ jù wá lọ nínú ilé náà mi orí. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọdé yìí, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Bó ti sọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ parí. Kálukú wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí bàbá yẹn sọ ni mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí, torí pé láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá a fà á.

Òwe náà kì í ṣe irọ́. Ta ni kò mọ ọmọ ìyá méjì tí ẹjọ́ ilẹ̀ sọ di ẹni tí kì í jókòó síbi ìnáwó kan náà mọ́? Àwọn tó pa òwe yìí mọ bí ẹjọ́ ṣe ń gbọ́n owó lápò, tó sì ń tú ilé ká. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí òwe náà ń sọ dáadáa. Ọ̀rẹ́ ló ń dáàbò bò. Ẹni méjì tó ti ń ṣọ̀rẹ́ bọ̀ ló ń bá wí, pé kí wọ́n má ṣe torí nǹkan kékeré ba ohun ńlá jẹ́. Ọ̀rẹ́ wo ló wà láàárín ẹni tó rán káfíńtà sórí òrùlé àti ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀? Kóòtù kọ́ ló máa ba ìyẹn jẹ́. Ó ti bàjẹ́ láàárọ̀ Sátidé, kí ẹnikẹ́ni tó mẹ́nu ba kóòtù.

Ayálégbé tó bá sì fẹjọ́ sùn, orúkọ wà tí àdúgbò máa ń sọ ọ́. Ọ̀dàlẹ̀ ni. "Ilé onílé ló ń gbé, ó tún lọ pe ìjọba sí i." "Lẹ́yìn gbogbo oore tí bàbá ṣe fún un!" Ẹ ti gbọ́ ọ rí. Èmi náà ti sọ ọ́ sí ẹlòmíràn rí, kí n má purọ́.

Ọ̀dàlẹ̀, ẹni tó da ilẹ̀ ni. Ẹni méjì jọ mulẹ̀, ọ̀kan dà á. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ ẹni tó dalẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká béèrè ni pé kí ni wọ́n jọ mulẹ̀ lé lórí. Onílé àti ayálégbé kò pa obì, wọn kò jọ búra, ṣùgbọ́n májẹ̀mú wà láàárín wọn, ì báà ṣe ẹnu ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀kan ní, èmi á máa san owó mi déédéé, n kò sì ní ba ilé jẹ́. Èkejì ní, èmi á jẹ́ kí o gbé ibẹ̀ lálàáfíà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tí èèyàn ń sanwó rẹ̀ kì í ṣe oore. Ọjà ni. Ẹni tó ra búrẹ́dì kò tọrọ búrẹ́dì, aláte kò sì lè sáré tẹ̀ lé e kó já a gbà lẹ́nu rẹ̀ torí pé owó búrẹ́dì ti wọ́n sí i.

Èyí kì í ṣe èrò tèmi nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni Òfin Ilé Gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 rí i, èyí tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí. Òfin náà sọ pé ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti gbé ibi tó sanwó rẹ̀ láìsí ìyọlẹ́nu, kó sì ní àṣírí tirẹ̀ níbẹ̀. Ó sọ pé dandan ni kí onílé fúnni ní rìsíìtì, tí déètì, orúkọ àwọn méjèèjì, iye owó àti àkókò tí owó náà wà fún yóò sì hàn nínú rẹ̀. (Mélòó nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí ló ní rìsíìtì owó ilé tó san kẹ́yìn? Mo kàn béèrè ni.) Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn láàárín wọn, ẹni tó ń san lóṣooṣù gbọ́dọ̀ gba nótíìsì oṣù kan kí wọ́n tó lè ní kó lọ, ẹni tó ń san ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà mẹ́fà á gba oṣù mẹ́ta, ẹni tó ń san lọ́dọọdún á gba oṣù mẹ́fà. Tí àkókò yẹn bá pé tí kò lọ, onílé á tún fún un ní ìwé ọjọ́ méje pé òun ń lọ sí kóòtù. Kóòtù nìkan ló sì lè sọ pé kó jáde. Ẹni tó bá fi agbára lé ayálégbé, tó halẹ̀ mọ́ ọn kó bàa lè jáde, tó wó ilé tàbí tó tú apá kan rẹ̀ nítorí àtilé e láìjẹ́ pé kóòtù fọwọ́ sí i, ọ̀daràn ni. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé àádọ́ta náírà (₦250,000), tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà.

Lórí owó tí wọ́n fi kún un, òfin náà kò ní kí onílé má fowó kún owó ilé. Ó kàn ní bí ó bá pọ̀ jù, ayálégbé tó ti ń gbé ibẹ̀ lè lọ bá kóòtù pé kó wò ó bóyá ó bójú mu. Kóòtù á béèrè iye tí irú yàrá bẹ́ẹ̀ ń lọ ládùúgbò. Onílé kò sì gbọdọ̀ lé e nígbà tí ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀.

Òfin náà yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Bóyá àwọn tó ṣe é rò pé ẹni tó bá lówó àtigbé ibẹ̀ á lówó lọ́yà. Síbẹ̀, Ìkòyí gan-an ni ẹjọ́ kan tó lókìkí nílẹ̀ yìí ti wáyé. Kì í ṣe ẹjọ́ owó ilé ní tààrà, ìjọba Èkó àti Olóyè Emeka Odumegwu Ojukwu ló ń fa ilé kan mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní Queen's Drive. Ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù nígbà tí ìjọba fi agbára kó o jáde. Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí wọ́n dá a padà sínú ilé. Ìjọba sáré lọ sí Kóòtù Tó Ga Jù Lọ pé kí wọ́n dá àṣẹ yẹn dúró, ní ọdún 1986 kóòtù náà kọ̀ fún wọn, torí pé ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́ kò lè tún wá bẹ kóòtù pé kó ti òun lẹ́yìn. Ẹ rántí pé ìjọba ológun ni o. Bí gómìnà ológun kò bá lè lé èèyàn jáde nígbà tí ẹjọ́ wà nílẹ̀, ta wá ni bàbá onílé ní Bàrígà?

Mo mọ̀ pé àwọn onílé kan á ti máa fojú burúkú wo ìwé yìí báyìí. Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀. Mo mọ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fi kọ́ yàrá mẹ́rin, ibẹ̀ ló ń retí oúnjẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ọ̀kan nínú wọn, ó san owó oṣù mẹ́ta, ó sì jókòó síbẹ̀ fún oṣù mẹ́rìnlá láìsan kọ́bọ̀. Bí bàbá bá béèrè, á ní, "Ẹ lọ sí kóòtù." Ó mọ̀ pé bàbá kò lówó lọ́yà. Ọmọ yìí náà ka òfin, àmọ́ ó kà á bí olè ṣe ń wo kọ́kọ́rọ́. Òun gan-an ló da ilẹ̀. Òfin kan náà yẹn sì sọ pé bí ẹni tó ń san lóṣooṣù bá jẹ owó oṣù mẹ́fà, àdéhùn ti parí, kóòtù á sì dá yàrá padà fún onílé bó bá ti fi ẹ̀rí gbèsè náà hàn. Bàbá tíṣà kò mọ̀, torí pé òun náà gbà pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe kan ṣoṣo, ó ti ẹnu ẹni méjì tí wọ́n ń rẹ́ jẹ pa.

Ohun tó wá le jù fún mi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Òfin 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ ń béèrè, kí a tó wá kan kọmíṣọ̀n ejẹ́ńtì àti owó àgíríméǹtì. Ṣùgbọ́n òfin náà kò dá onílé nìkan lẹ́bi. Ó ní ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án, àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà (₦100,000) tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ní ọdún 2018, nígbà tí mo fẹ́ kúrò ní Bàrígà (ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́), mo san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan. Mo yá nínú rẹ̀. Mo mọ ohun tí òfin wí, mo sì san án, torí pé ẹni mẹ́ta ló dúró lẹ́yìn mi lọ́jọ́ tí a lọ wo ilé náà. Nítorí náà, ọ̀daràn ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ṣé mo ṣẹ̀? Níwájú òfin, bẹ́ẹ̀ ni. Níwájú Ọlọ́run, mo rò ó títí, n kò rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tó ra omi ní iye tí kò yẹ lè dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tó tà á fún un. Àwọn tó ṣe òfin náà lè ní, bí kò bá sí ẹni tó ń san án, kò ní sí ẹni tó máa béèrè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àmọ́ ẹ wo ohun tó bí: ẹni kan ṣoṣo tó lè jẹ́rìí sí i pé onílé gba owó ọdún méjì ni ẹni tó san án, bó bá sì lọ sọ ọ́, ara rẹ̀ ló fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Òfin tó fi ìyà àti ẹni tó ń jẹ ẹ́ sínú àpò kan náà ti so ẹnu àpò náà pa. Ní ọdún 2025, wọ́n gbé àbá òfin ilé gbígbé tuntun wá síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Ẹni tó bá ń múra àtilọ sí kóòtù, kó kọ́kọ́ béèrè òfin tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Bàrígà. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, òjò rọ̀. Àwọn ọmọ Ìyá Ṣèyí sùn sínú yàrá wa. Ṣèyí, ọmọbìnrin tí kò lè ju ọdún mẹ́rìnlá lọ nígbà náà, kò sùn. Ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ tí a fi ọ̀rá bò. Ó ní, "Dádì Tọ́pẹ́, ṣé òfin gba bàbá láyè láti ṣe báyìí?"

Mo ní, "Rárá o."

Ó ní, "Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

Mo ní kó lọ sùn, pé ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, èmi àti ìyá rẹ̀ lọ. Tẹ́ṣàn ọlọ́pàá la kọ́kọ́ yà sí. Ẹni tó wà lórí káńtà ní ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Gbèsè owó ilé kì í ṣe ẹjọ́ ọlọ́pàá, Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 tiẹ̀ wá sọ ọ́ gbangba lẹ́yìn náà pé wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí ẹjọ́ àdéhùn tó yẹ̀. Ṣùgbọ́n òrùlé tí wọ́n tú lórí opó kì í ṣe gbèsè. Ìwà ọ̀daràn ni, òfin ìpínlẹ̀ ló pè é bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní kí n má kọ́ òun níṣẹ́ òun.

Láti ibẹ̀, a gba ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń parí ìjà láìdé kóòtù lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Citizens Mediation Centre. Láti ọdún 1999 ló ti wà, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Èèyàn á ro ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹnìkejì pé kó wá. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tí wọ́n ń pè ní Office of the Public Defender tún wà láti ọdún 2000 fún aláìní tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá di ti kóòtù. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Ìyá Ṣèyí ni rìsíìtì. Kò ní. Bàbá kì í fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Wọ́n ní, ṣé ẹlẹ́rìí wà?

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ láti ẹ̀ẹ̀kan, ibi tó já sí nìyẹn. Kò sí rìsíìtì, kò sí fọ́tò, òrùlé nìkan ló wà, bàbá sì lè ní òun ń tún un ṣe ni. Ẹjọ́ obìnrin náà rọ̀ mọ́ ẹnu ẹni mọ́kànlá tó dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó bá dákẹ́ lè máa rò pé òun kò dá sí i. Irọ́ ni. Bàbá onílé ti ka ìdákẹ́ wa mọ́ owó káfíńtà nígbà tó ń ṣètò iṣẹ́ náà. Ó ti mọ̀ wá. Obìnrin náà kò wo ojú mi nígbà tí wọ́n béèrè ìbéèrè yẹn, mo rò pé ó fẹ́ fi mí sílẹ̀ lómìnira ni. Mo ní, "Èmi ni ẹlẹ́rìí."

Bàbá wá lọ́jọ́ tí wọ́n pè é, ó wọ agbádá, ó bínú. Ó béèrè lọ́wọ́ mi níwájú gbogbo wọn bóyá èmi náà jẹ nínú iyọ̀ tí òun bù sínú ọbẹ̀ àwọn ọmọ mi lọ́dún Iléyá. Òótọ́ ni, ó fún wa ní ẹran lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ó ṣì ń wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹran Iléyá kì í ṣe òrùlé. Lẹ́yìn wákàtí bíi méjì, wọ́n kọ àdéhùn, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i: bàbá á dá páànù padà láàárín ọjọ́ méjì, Ìyá Ṣèyí á gbé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́ta láìsan owó, lẹ́yìn èyí á kó lọ. N kò ní pè é ní ìṣẹ́gun. Obìnrin náà pàdánù ilé náà bó ti wù kó rí, àwọn oníbàárà rẹ̀ tó wà ní Bàrígà kò bá a dé Ìkòròdú. Àmọ́ kò jáde lábẹ́ òjò, ojú ọ̀sán ló sì fi kó ẹrù rẹ̀.

Tèmi ńkọ́? Bàbá gba owó ọdún mi lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó fún mi ní rìsíìtì, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé ibẹ̀. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ó kan ilẹ̀kùn mi, ó mú bébà kan tí wọ́n tẹ̀ lọ́wọ́. Nótíìsì ni. Mo kà á látòkè délẹ̀. Orúkọ mi wà níbẹ̀, déètì wà níbẹ̀, oṣù mẹ́fà gbáko ló sì fún mi.

Ó ní, "Akọ̀wé, ṣé ó pé?"

Mo ní, "Ó pé, sà."